Doxycycline 100mg fún ojú tó wọ́: ta ló yẹ kó lò ó?

Oògùn apakòkòrò tó dára, tó ń pa bakitéríà, ni kápúsù yìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ojú tó bá ṣàdédé wọ́ ló wà fún. Tó bá jẹ́ àrùn Lyme ló fà á, ìyẹn èyí tí eégbọn ń kó ran èèyàn, a fún oògùn yìí ní máàkì 5 nínú 5: kápúsù kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, fún ọjọ́ 14 sí 21. Kì í jẹ́ kí Borrelia, bakitéríà tó ń fa àrùn náà, ráyè dé oríkèé. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ojú á tìtorí ẹ̀ tètè padà sípò. Iṣan (nerve) tó ń darí ojú, tó ti fara pa, máa gba àkókò tiẹ̀.

Bell's palsy tó wọ́pọ̀ jù ńkọ́, ìyẹn kí ẹ̀gbẹ́ kan ojú ṣàdédé rọ láìsí ìdí kan tó ṣe kedere? Òdo la fún doxycycline. Kò sí bakitéríà tó máa bá jà níbẹ̀. Iṣan ojú ló wú nínú ihò tóóró tó gbà kọjá nínú egungun ẹ̀yìn etí, egungun sì ń fún un pa. Prednisolone, ìyẹn oògùn steroid, ló ń mú kí wíwú ọ̀hún rọlẹ̀, ó sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Nínú ìwádìí tó jáde láti Scotland lọ́dún 2007, 25mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 ni wọ́n lò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, nǹkan bí 94 nínú 100 àwọn tó lò ó ni ojú wọn ti padà bọ̀ sípò. Nínú àwọn tí kò lò ó, 82. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn wá tí ẹnì kan bá fi ọjọ́ mẹ́ta gbé oògùn apakòkòrò mì, pé kóun ṣì wò ó ná. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lo prednisolone, torí ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè.

Tí iwájú orí bá ṣì ń hunjọ dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ tí ojú ti rọ, tàbí tí apá kan bá rọ pẹ̀lú rẹ̀, rọpárọsẹ̀ lè ni. Ẹ sáré gba ilé ìwòsàn lọ.

Ife omi kan tó kún ni kí ẹ fi gbé doxycycline mì, kí ẹ má sì dùbúlẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, kó yọ́ síbẹ̀, kó dá egbò sí i. Itọ́ lásán á wá ṣòro gbé mì. Wàrà àti oògùn tó ní irin nínú kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa, ẹ fi wákàtí méjì sí wọn láàárín. Oòrùn náà máa ń tètè jó awọ ẹni tó ń lò ó.

Oògùn yòówù kẹ́ ẹ lò, ojú tí kò ṣeé dì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó: oògùn omijé léraléra lójúmọmọ, ìpara ojú lálẹ́, kẹ́ ẹ wá fi téèpù lẹ ìpéǹpéjú pa. Ẹ má gbé òwú lé ojú tó ṣì là sílẹ̀, torí òwú á máa ha ẹyinjú.