Ọkọ̀ Òkun Ìgbafẹ́ Láti Barcelona: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ìkòròdú Mọ̀ Kó Tó Wọ̀ Ọ́

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, ọkọ̀ ti kúrò ní Barcelona láti ìrọ̀lẹ́, àpótí ìyá àgbà kan nínú àwa tí a jọ ti Ìkòròdú lọ kò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá gbọ́dọ̀ lò kí wọ́n tó sùn wà nínú àpótí yẹn. Ọ̀rọ̀ àpótí yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màmá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó máa ń sọ ọ́ fúnni nígbà tí wọ́n bá ń gbowó.

Bí ẹrù ṣe ń rìn nìyí. Ní èbúté, ẹ óò so táàgì tó ní orúkọ àti nọ́ńbà yàrá yín mọ́ àpótí, ẹ óò sì fi lé àwọn alábàárù lọ́wọ́. Ẹ kò ní rí i mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á gbé e gba abẹ́ ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù, wọ́n á pín in sí dẹ́ẹ̀kì-dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àjà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá, nígbà mìíràn tí ilẹ̀ ti ṣú dáadáa. Ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wá níbi ẹ̀rọ náà ni áyọ́ọ̀nù, kẹ́túlù iná, wáyà tí wọ́n fi ń se omi, ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n, àbẹ́là, tùràrí, ọ̀bẹ àti ọtí. Iná ni wọ́n ń sá fún jù. Tí iná bá sọ láàárín agbami, kò sí panápaná tí ẹnikẹ́ni lè pè. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, wọn kì í já àpótí ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n á tì í mọ́ yàrá kan ní dẹ́ẹ̀kì ìsàlẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n á sì máa retí kí ẹni tó ni ín wá ṣí i lójú wọn. Ó yẹ kí wọ́n fi ìwé sí yàrá onítọ̀hún pé kó wá. Áyọ́ọ̀nù kékeré tí ọmọ Màmá kó sínú àpótí nítorí ànkárá ló fa gbogbo rẹ̀. Ìwé kankan kò sì dé yàrá.

Kàńtà ìbéèrè ni a gbà lọ. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó dá wa lóhùn ní kí Màmá lọ ní sùúrù, ẹrù ṣì ń bọ̀. Ẹ̀kejì kò tilẹ̀ wo kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní bóyá táàgì ló já, ó sì pe ẹni tó tò sẹ́yìn wa. Nígbà tí a padà, a bá ọkùnrin kan tó fún wa ní fọ́ọ̀mù ẹrù tó sọnù, ó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn yóò tó wò ó. A sọ fún un pé oògùn wà nínú rẹ̀. Ó ní ilé ìwòsàn ọkọ̀ wà ní ṣíṣí, kí Màmá lọ rí dókítà, wọ́n á kọ owó rẹ̀ mọ́ yàrá. Rírí dókítà nínú ọkọ̀ lè ju dọ́là 100 lọ, kí wọ́n tó fi owó oògùn kún un. Àwọn mẹ́ta dá wa lóhùn ní kàńtà kan náà, kò sí ọ̀kan tó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ìsàlẹ̀ láti bèèrè. Tẹlifóònù wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí ọwọ́ wọn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, inú sì ń bí mi sí i di bí mo ti ń kọ èyí.

Ẹni tó ń tọ́jú yàrá ló yanjú rẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ Indonéṣíà, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kiri lálẹ́, ó rí Màmá tí wọ́n jókòó sórí àga pẹ̀lú báàgì ọwọ́ lórí itan, ó sì bèèrè ohun tó dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló tún bi wá: ṣé áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀? Ó gbé tẹlifóònù yàrá, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ní kí Màmá mú káàdì wọn. Líìfìtì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, àpótí náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, táàgì rẹ̀ ń fì lórí pín-ìn-nì kan péré. Ẹ̀ṣọ́ yọ áyọ́ọ̀nù, ó kọ nọ́ńbà sára rẹ̀, ó já ìdajì ìwé fún Màmá kí wọ́n lè gbà á padà ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá yìí fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí padà sókè. Màmá rọ òjò àdúrà lé e lórí ní Yorùbá, ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ sí àyà, ó tẹrí ba, ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì tó ń tẹ́.

Nítorí náà, oògùn gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò, pẹ̀lú èyí tó lé díẹ̀, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Ibẹ̀ náà ni ìwé ìrìnnà, ṣájà, aṣọ ìpààrọ̀ kan àti aṣọ ìwẹ̀ odò gbọ́dọ̀ wà, torí ọ̀sán ni ẹ óò wọkọ̀, àpótí lè di alẹ́. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù sílé. Ẹ fi aṣọ kọ́ sí balùwẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi omi gbígbóná wẹ̀, yóò nà díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ń lọ aṣọ nínú ọkọ̀, iye kan fún aṣọ kan. Ṣájà wa onírin mẹ́ta kò ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Onírin méjì roboto ti Yúróòpù tàbí pẹlẹbẹ ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò, sọ́kẹ́ẹ̀tì inú yàrá kì í sì í pọ̀. Ẹ ra àdápítọ̀ ní Sábó kí ẹ tó kúrò nílé. Irin ni ògiri yàrá ọkọ̀, mágínẹ́ẹ̀tì onígàǹgọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ óò lè fi gèlè àti fìlà kọ́ kí tábìlì kékeré náà lè ráàyè.

Àwa tí a ń wọkọ̀ ní èbúté Ìpakodò ti mọ̀ pé ara wa ni jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà gbọ́dọ̀ wà kí ọkọ̀ tó ṣí. Lórí ọkọ̀ ńlá, ẹ kò ní rí ẹni tó wọ̀ ọ́, ìyẹn kò sì ní kí àyà yín já. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ló ń wà, tàbí ní ibùdó tí wọ́n yàn fún yàrá yín. A kọ àmì ibùdó náà sára káàdì yín. Ìdánrawò ọjọ́ àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ohun tí a óò ṣe bí ewu bá dé, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi oorun ṣe. Ní January 13, 2012, nígbà tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ Costa Concordia forí sọ àpáta létí erékùṣù Giglio ní Ítálì, tí ènìyàn 32 sì kú, àwọn tó wọkọ̀ náà ní èbúté Civitavecchia lọ́jọ́ yẹn kò tíì ṣe ìdánrawò kankan. Láti 2015, òfin àgbáyé ni pé kí wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ tó kúrò tàbí bó ṣe ń kúrò gẹ́lẹ́. Fèrè kúkúrú méje, lẹ́yìn náà ọ̀kan gígùn: bí ẹ bá gbọ́ ọ, ibùdó yín ni kí ẹ kọrí sí. Ẹ má gba líìfìtì, àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà. Ọkọ̀ tí a wọ̀ ṣe èyí dáadáa. Wọ́n fi fídíò hàn wá nínú yàrá, a sì lọ sí ibùdó kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ wo káàdì oníkálukú. Ẹni tí kò lọ, wọ́n pè é lórúkọ títí ó fi lọ.

Oúnjẹ wọn! Mi ò mọ ibi tí n bá ti bẹ̀rẹ̀. Ilé oúnjẹ ńlá wà tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá ènìyàn lórí tábìlì, owó rẹ̀ sì ti wà nínú owó ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ọbẹ̀ méjì tàbí ẹja méjì, ẹ bèèrè, wọn kì í sọ pé rárá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan àkókò, ti ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí aago mẹ́fà, dára fún àgbàlagbà. Ti aago mẹ́jọ kọjá wà fún àwọn tó máa ń pẹ́ jáde ní èbúté. Láti alẹ́ kejì ni agbóúnjẹ wa ti mọ̀ pé ata ni àwa ń wá. Kí a tó jókòó, àwo ata tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ti wà lórí tábìlì, ó tún ń lọ gba òmíràn wá láti ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tó ta lẹ́nu fún ara wọn. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá ń sanwó ọkọ̀, kó sì tún un sọ fún agbóúnjẹ, torí ó ń wọ inú ọbẹ̀ àti ẹ̀wà wọn. Ní ti ìrun, ọkọ̀ máa ń yí, ìhà ìlà oòrùn máa ń yí kúrò lójú fèrèsé. Ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan ń fi àwòrán ibi tí ọkọ̀ wà àti ibi tó dojú kọ hàn, ẹ fi mọ Qibla. Ẹ mú bùtà oníke dání, kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọ bùfé, ibi tí oníkálukú ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀. Sánítáísà ẹnu ọ̀nà nìkan kò tó, torí kòkòrò norovirus tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru nínú ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kú nípa rẹ̀. Ẹni tó bá mú, wọ́n á ní kó má jáde ní yàrá.

Omi, tíì àti kọfí bùfé lọ́fẹ̀ẹ́ ni lórí ọkọ̀ tiwa. Mínírà, ọtí àti kọfí aláràbarà, owó ni, wọ́n sì ń fi owó iṣẹ́ lé e lórí. Káàdì yàrá ni ẹ óò máa nà fún gbogbo rẹ̀, ẹ kò ní rí owó lójú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n tún ń kọ owó ìdúpẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́ ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ọmọdé pẹ̀lú. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó ń tó dọ́là 14 sí 20 lójúmọ́. Fún ènìyàn mẹ́rin fún alẹ́ méje, kì í ṣe owó kékeré, ẹ kà á mọ́ owó ọkọ̀ láti ilé. Ẹ má gbára lé káàdì náírà. Bí ẹ bá fi káàdì dọ́là tó jẹ́ owó tiyín gan-an lélẹ̀, wọ́n á ti iye kan pa lórí rẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti délé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó sàn kí ẹ fi owó ìwé lélẹ̀ ní kàńtà, kí ẹ gba risíìtì. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ìnáwó yín lórí tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dúró di alẹ́ ìkẹyìn, ìlà tí ẹ óò bá ní kàńtà yẹn kò lópin, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ni mo ti sọ̀rọ̀ wọn.

Ẹni tí òòyì ojú omi máa ń kọ́, kó gba yàrá àárín ọkọ̀, ní dẹ́ẹ̀kì ìsàlẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì òkè níwájú ló ń mì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń wọ́n. Kó lo oògùn òòyì kí ìgbì tó bẹ̀rẹ̀, kó jẹ ata ilẹ̀, kó jáde síta wo ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fa ìgbẹ́ lọ, ó sì ń pariwo bí ìgbà tí táyà bẹ́. Tíṣù rẹ̀ nìkan ni kó wọ ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá ju páàdì tàbí ìnujú olómi sí i, yàrá púpọ̀ lọ́wọ́ kan náà ni kò ní lè lò ó.

Físà Schengen, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tó gba àwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ní tó bí ọkọ̀ bá máa ya Tunis tàbí Túrkì kó tó padà sí Spéìn. Ẹ bèèrè èyí tó gba àwọlé púpọ̀. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé ìbéèrè fún un, ó kéré jù, ó gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èbúté tí wọ́n ń pè ní ti Róòmù, Civitavecchia ni. Ó jìnnà sí Róòmù tó nǹkan bí kìlómítà 80. Ẹni tó bá dá lọ tó pẹ́, ọkọ̀ ò ní dúró dè é. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ wò, fóònù lè yí aago padà fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, torí owó ìpè tó ń gba sátẹ́láìtì kọjá ti Ìkòròdú lọ́nà púpọ̀.

Ní alẹ́ ìkẹyìn, wọ́n á ní kí àpótí wà níta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ yọ aṣọ àti bàtà tí ẹ óò wọ̀ lọ́la kí ẹ tó gbé e síta, àwọn kan ti gbàgbé, tí wọ́n fi aṣọ oorun sọ̀kalẹ̀.

Máàkì: oúnjẹ 5, ìtọ́jú yàrá 5, ìdánrawò 5, kàńtà òfo. Lápapọ̀, 2 nínú 5, torí kàńtà yẹn. Síbẹ̀, a ti fi owó àkọ́sílẹ̀ lélẹ̀ fún ti ọdún tó ń bọ̀, lórí ọkọ̀ yìí kan náà.