Súṣì lẹ́yìn ìlú: bẹ́líìtì àbí iwájú alásè?

Ní ẹ̀yìn ìlú tí ilé oúnjẹ Jàpáànù kò pọ̀, oríṣi méjì lẹ máa sábà rí: ibi tí àwo súṣì (ìrẹsì oní-fínígà tí wọ́n sábà ń fi ẹja àìsè sí) ti ń yí kọjá lórí bẹ́líìtì, ìyẹn ọ̀já gígùn tí ẹ̀rọ ń yí, àti ṣọ́ọ̀bù kékeré tí alásè ti ń ṣe é lójú yín.

Ti bẹ́líìtì, Yoshiaki Shiraishi ló dá a sílẹ̀ lágbègbè Osaka ní Jàpáànù lọ́dún 1958. Owó rẹ̀ kì í sábà ga jù, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀: èyí tó bá wù yín lẹ máa gbé, wọ́n á wá ka àwo yín tẹ́ ẹ bá jẹun tán, kí wọ́n lè mọ iye tẹ́ ẹ máa san. Ìrẹsì ni ìṣòro ibẹ̀. Bó bá ti yí pẹ́, ìrẹsì á le, etí ẹja á sì gbẹ. Ẹ lọ nígbà tí èrò bá pọ̀, torí àwo kì í pẹ́ lórí bẹ́líìtì nígbà náà, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe tuntun.

Níwájú alásè, ìrẹsì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ rẹ̀ á ṣe déédéé, kò sì ní tú títí tó fi dé ẹnu. Àmọ́ ó wọ́n o! Ẹ sì lè dúró kí àyè tó ṣí.

Tí wọ́n bá ní ẹja àìsè náà ti wọ fírísà, ẹ má bínú. Òtútù yẹn ló ń pa aràn inú rẹ̀.

Tọmọtọmọ, bẹ́líìtì ni mo máa yàn. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, iwájú alásè ni.