Gọ́ọ̀mù ákírílíìkì àbí ti sílíkóònù: èwo ni ká fi lẹ ẹ̀rọ mọ́ ara?

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tí ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mọ ìṣòro yìí dáadáa: Dexcom G6 ń lo ọjọ́ 10 lára, FreeStyle Libre 2 ń lo 14, tòun ti òógùn àti ìwẹ̀.

Ákírílíìkì kò wọ́n. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń le sí i, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣàn wọ kòtò wẹ́wẹ́ ojú awọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà: tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, ó ń bó awọ òkè lọ. Sílíkóònù kì í le bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ṣí i kẹ́ ẹ tún un lẹ̀. Àmọ́ owó rẹ̀ ga, ẹ̀rọ tó wúwo sì tètè ń já a.

Láti 2017 ni àwọn dókítà awọ ara ti ń kọ̀wé pé isobornyl acrylate, kẹ́míkà kan tó wà nínú Libre ìgbà náà, ń mú kí ara àwọn kan yún kó sì sú. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tó kan ara nìkan ló yẹ ká fura sí. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi to ẹ̀rọ pọ̀ náà lè jò wá.

Fún ọmọ tuntun, tàbí àgbàlagbà tí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, sílíkóònù ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó ń sáré nínú oòrùn, tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ 2, kó mú ákírílíìkì, kó sì rọra fi òróró tú u.