Sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ “neutral” sí lára, tó ń rùn bíi fínígà: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù kan ní Àkúrẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra sílíkọ́ọ̀nù tí yóò fi dí etí fèrèsé alumíníọ̀mù lóde ilé, kí ó gé ẹnu túùbù kan lójú ẹni tó ń tà á kó tó kó ìyókù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ló mú mi kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Neutral ni mo béèrè, ìyẹn irú tí kì í tú ásíìdì kíkan jáde bó ṣe ń gbẹ. Mo là á yé wọn pé fèrèsé alumíníọ̀mù ni, ara ògiri tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ni, ojú òde tí òjò ń nà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà ò béèrè nǹkan kan. Ó nawọ́ sókè, ó gbé túùbù 300 ml kan kalẹ̀, “neutral” sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo sanwó ẹyọ kan, mo ní kó yá mi ní abẹ. Bí mo ṣe gé e báyìí, òórùn kíkan bíi ti fínígà gba gbogbo iwájú káńtà. Oníbàárà tó dúró lẹ́yìn mi gan-an fọwọ́ bo imú.

Mo gbé e sún mọ́ ọn kó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní bó bá ti ń rùn báyẹn ló ń fi hàn pé tuntun ni. Mo ní neutral kì í rùn bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé, “Bọ̀ọ̀dá, sílíkọ́ọ̀nù ni sílíkọ́ọ̀nù. Kò sí èyí tí òjò ń gbà kọjá nínú wọn.” Mo ní kó gbà á padà. Ó nàka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà, pàápàá èyí tí mo ti gé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbóòórùn ohun tí wọ́n dí lẹ́nu pa láìgé e?

Ọ̀rọ̀ òórùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èyí tó ń rùn bíi fínígà, tí wọ́n ń pè ní acetic, ásíìdì ló ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ. Ní balùwẹ̀, lórí gíláàsì àti táìsì tó ń dán, iṣẹ́ rẹ̀ dáa, ó sì tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì àti ásíìdì kì í gbé pọ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé yóò di ìyẹ̀fun funfun, ìyẹ̀fun yẹn ni sílíkọ́ọ̀nù yóò sì dì mú dípò ògiri. Tẹ́ ẹ bá wò ó lókèèrè, ó wà níbẹ̀ digbí. Ẹ fi èékánná kàn án, yóò bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Alumíníọ̀mù náà ò bọ́ níbẹ̀: igun tí wọ́n ti fi ayùn gé e, tí kò ní ọ̀dà lára, ásíìdì máa ń jẹ ẹ́. Bí òjò alátẹ́gùn oṣù kẹta sí oṣù kẹrin bá wá bẹ̀rẹ̀, omi á gba abẹ́ férémù wọlé, ọ̀dà inú yàrá á máa wú, wọ́n á sì ní ẹni tó so fèrèsé ni kò mọṣẹ́.

Ariwo wa ló gbé ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti ẹ̀yìn. Wọn ò bá mi jiyàn, wọn ò sì gbè sẹ́yìn ọmọ wọn. Wọ́n gba túùbù náà, wọ́n tẹ díẹ̀ sórí páálí, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n ní, “Acetic nìyí. Ta ló kó o síbẹ̀?” Wọ́n ní kí wọ́n gbé odindi páálí rẹ̀ wá. Wọ́n fi nọ́ńbà tó wà ní ìdí túùbù wé ti ara páálí, kò bára mu. Wọ́n mú òmíràn nínú páálí kan náà, nọ́ńbà tìyẹn bá a mu. Wọ́n gé e, kò rùn rárá. Wọ́n ti da méjì pọ̀ sínú páálí kan. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí àtẹ, wọ́n sì pààrọ̀ tèmi láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti bi mí látìbẹ̀rẹ̀: “Ẹ má bínú, ọkọ mi. Fèrèsé mélòó ni, báwo ni àlàfo etí rẹ̀ sì ṣe fẹ̀ tó?”

Fèrèsé mẹ́jọ, ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú lóòró. Màmá mú ẹ̀rọ ìṣírò. Yíká fèrèsé kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, ìyẹn bíi mítà 4.9; mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á jẹ́ mítà 39. Bí ìlà sílíkọ́ọ̀nù bá fẹ̀ ní mílímítà 6, tó sì jìn ní 6, túùbù 300 ml á lọ tó mítà 8. Túùbù 5 ló tó, ká fi ẹyọ kan kún un fún èyí tó bá ṣòfò. Odindi páálí ni ọmọ yẹn ti ń kó jọ fún mi.

Fún ibi tí bíríkìlà ti fi àlàfo tó fẹ̀ sílẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n fi sílíkọ́ọ̀nù kún un lásán. Wọ́n gé okùn fóòmù tó sanra díẹ̀ ju àlàfo lọ fún mi, tí èèyàn á tẹ̀ wọlé kó tó fa ìlà lé e lórí. Bí àlàfo bá fẹ̀ ní mílímítà 12, kí sílíkọ́ọ̀nù jìn ní 6. Ìdí ni pé férémù mítà 1.2 tí oòrùn ọ̀sán bá mú gbóná fi ìwọ̀n 30 Celsius ju ti òwúrọ̀ lọ, ó ń gùn sí i tó bíi mílímítà 0.8. Sílíkọ́ọ̀nù tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀tún, òsì àti ẹ̀yìn pọ̀ kò ní ibi tí yóò nà sí. Á ya láàárín. Wọ́n tún ní fún ojú ògiri tó sán tí wọ́n máa kùn, PU (polyurethane, irú àtè ìdíhò mìíràn tó ṣeé kùn) ni kí n rà, nítorí ọ̀dà kì í dúró lórí sílíkọ́ọ̀nù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kí kíkùn ilé ṣáájú sílíkọ́ọ̀nù.

Neutral tí wọ́n fún mi yìí, n kò rí àléébù lára rẹ̀. Mo fi lẹ àjákù alumíníọ̀mù mọ́ bùlọ́ọ̀kù, mo fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, mo fi agbára fà á: ó nà, ó nà, àárín ara rẹ̀ ló ti já, etí rẹ̀ ò ṣí níbì kankan. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ń pẹ́ díẹ̀ ju acetic lọ kó tó yọ awọ, nítorí náà ẹ má fà á nígbà tí eruku ń fẹ́. Ẹ gbọn eruku ògiri pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fi spirit nu ara alumíníọ̀mù, kí ibẹ̀ sì gbẹ. Ògiri tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ò ní gbà á. Ẹ ha sílíkọ́ọ̀nù àtijọ́ kúrò pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ férémù sláìdì: ibẹ̀ ni omi tó bá wọ ojú irin ń gbà jáde. Ẹ dí i, inú yàrá ni omi yẹn máa yà sí. Mo ti rí ilé tó pọ̀ ní Ìjàpọ̀ àti Alágbàká tí wọ́n ti fi sílíkọ́ọ̀nù dí i pa, tí wọ́n sì ń wá orísun omi kiri.

Ìyókù ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́ ti pa rẹ́ lára túùbù méjì, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Àtẹ wọn kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ooru a sì máa jẹ́ kí sílíkọ́ọ̀nù dì nínú túùbù kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Gọ́ọ̀nù tí èèyàn fi ń ti sílíkọ́ọ̀nù jáde nínú túùbù, èyí tí wọ́n tà fún mi ò lágbára, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ wá èyí tó nípọn lọ síbòmíràn. Ọmọ káńtà yẹn ò sì sọ “ẹ má bínú” títí mo fi jáde.

Máàkì: 2 nínú 5. Bí Màmá bá wà ní ìjókòó, ẹ lọ, kí ẹ sì mú ìwọ̀n fèrèsé yín dání. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ẹ mú abẹ lọ́wọ́.