Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Bá Olùsìn Ẹran Ṣe Sáílééjì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ọyẹ́ bá ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, koríko pápá á gbẹ, àgùntàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìdí nìyí tí mo fi gbé iṣẹ́ fún àwọn kan tó ń gbé ẹ̀rọ wá sí oko ẹni láti ṣe sáílééjì, ìyẹn koríko tútù tí a gé wẹ́wẹ́, tí a kì sínú ọ̀rá, tí a sì mú kan láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ọ̀rá wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Wọn kì í kánjú. Kí eèsún tó yọ òdòdó ni wọ́n gé e, nítorí pé bó bá ti gbó, igi rẹ̀ á le, oúnjẹ inú rẹ̀ á sì dínkù. Wọ́n sá a títí ó fi rọ, tó jẹ́ pé bí a bá fún un mọ́ ọwọ́, á dì pọ̀ láìjẹ́ pé omi ń kán láàárín ìka. Ẹ̀rọ wọn gé e sí bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, torí koríko gígùn kò ṣeé kì dáadáa. Wọ́n po èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ láti ibùdó gàrí mọ́ ọn, kí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń mú un kan lè rí oúnjẹ jẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele. Ibí gan-an ni sáílééjì ti ń dára tàbí kó bàjẹ́.

Nígbà tí a tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé tó pọ́n díẹ̀, ó ń ta sánsán bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń po oúnjẹ àwọn àgùntàn, wọ́n sì jẹ ẹ́ dáadáa.

Àmọ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lò fún àpò kọ̀ọ̀kan. Eku dá àwọn kan lu, èyí tó wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ dúdú, ó bu, ó sì ń rùn. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù, nítorí pé sáílééjì tó bu lè ba oyún jẹ́ lára àgùntàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe tiwọn, wọn kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n, kí ó fúnra rẹ̀ ra ọ̀rá tó nípọn, kí ó ní kí wọ́n fi méjì wọ inú ara wọn, kí ó sì tò wọ́n sórí pákó níbi tí eku kò ti lè dé.