Ṣáàtì ẹyẹ tí mo rà ní Dùgbẹ̀: kí ni àdán ń wá níbẹ̀?

₦3,500 ni mo ra ṣáàtì yìí, bébà ńlá tí wọ́n ya àwòrán ẹyẹ sí, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kiri ní Dùgbẹ̀. Kíláàsì mi, Pírámárì 4, ni mo rà á fún. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, omi kò ràn án, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ débi pé ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ń rí i kà. Ẹyẹ 36 ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yà ẹyẹ tó wà láyé tó 11,000, n kò retí kí wọ́n kó gbogbo wọn wá.

Ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan nàka: “Àǹtí, ṣé àdán náà máa ń yé ẹyin?”

Haà! Àdán ni lóòótọ́, wọ́n gbé e sáàárín òwìwí àti àwòdì. Àwọn àgbà ní àjàò kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ẹni tó tẹ ṣáàtì yìí ti dá ẹjọ́ ní tirẹ̀. Irun ló bo àdán, ó ní eyín, ó ń bímọ, ó sì ń fún un lọ́mú. Láti 1758 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó pín àwọn ohun ẹlẹ́mìí sí ẹ̀yà, ti kà á mọ́ àwọn ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú nínú ìwé rẹ̀.

Fífò kọ́ ló ń sọ nǹkan di ẹyẹ. Eṣinṣin ń fò. Ògòǹgò kì í fò, ẹyẹ sì ni. Ìyẹ́ ni kẹ́ ẹ wò: nínú gbogbo ohun tó ń mí lónìí, ẹyẹ nìkan ló ní in.

Bí wọ́n ṣe tò wọ́n tún bí mi nínú. “Ẹyẹ ilé” wà lókè, “ẹyẹ oko” wà nísàlẹ̀, ni ẹyẹlé bá jìnnà sí àdàbà, adìyẹ jìnnà sí àparò, bẹ́ẹ̀ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Agbe àti àlùkò nìkan ló bọ́ sí i: wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ìdílé kan náà sì ni wọ́n, Musophagidae, tí kò sí níbòmíràn àfi Áfíríkà. Mo sọ fáwọn ọmọ pé bàbà, irú èyí tó wà nínú wáyà iná, wà nínú pupa ìyẹ́ apá àlùkò. Wọn ò gbà mí gbọ́.

Mo ti lẹ bébà bo àdán. Ẹtù tí ṣáàtì gbàgbé ni àwọn ọmọ yà síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ná an dé ₦2,500.