Ẹ ṣọ́ra fún “dókítà ajá” tó ń gún abẹ́rẹ́ aran ọkàn kiri Bódìjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá n’Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́. Ọkùnrin kan ń gun ọ̀kadà kiri láti Bódìjà títí dé Òjòó, ó ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lòun fi ń pa aran inú ọkàn ajá. Irọ́ ni. ₦35,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló sì kù kó pa Táígà, ajá mi.

Ikọ́ ló ń ṣe Táígà. Tó bá sáré dé ẹnu géètì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin náà ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, aran ọkàn ni.” Kò gba ẹ̀jẹ̀, ó kàn fa oògùn, ó gún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, itọ́ ti ń dà lẹ́nu ajá mi, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dìde. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lábẹ́ omi dírípù.

Ìgò tó gbàgbé sílé mi ló tú u fó. Dókítà ẹranko tó wò ó ní ivermectin, oògùn aran ti màlúù, ni, mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dènà aran ọkàn lóṣooṣù fún ajá kílò 20 bíi Táígà kò tó ìdá ọgọ́rin mílílítà kan. Mílílítà méjì lọkùnrin yìí gún un! Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò tiẹ̀ sí aran ọkàn níbẹ̀. Òtútù àyà ni.

Ẹ̀fọn ló ń gbé aran yìí láti ara ajá kan sí òmíràn. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tó bá sì kú, òkú rẹ̀ lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í kánjú: wọ́n á kọ́kọ́ fún ajá ní doxycycline (oògùn apakòkòrò) fún bí oṣù kan, lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ melarsomine (èyí tó ń pa aran náà) mẹ́ta nínú ẹran ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́, méjì yòókù lẹ́yìn oṣù kan. Ajá ò gbọdọ̀ sáré ní gbogbo àkókò yẹn.

Ẹ gbé ajá yín lọ sílé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú abẹ́rẹ́ jáde. Ẹni tó bá sì ní dókítà lòun, ẹ bi í ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà ẹranko sílẹ̀.

Fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Àpò búlúù ló máa ń gbé kọ́ èjìká. Tó bá kan géètì yín, ẹ má ṣí i.